Ìpàdé Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀: Láti Ìtàdógún dé Ìpàdé Rótárì

Bí àlejò bá dé Ìsùàdà, ìlú tí ó wà lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó sì béèrè ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kan ń pàdé, ohun méjì ni a lè fi dá a lóhùn. Àgbàlagbà lè fi ọjọ́ ọjà kà á fún un. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ó fi kálẹ́ńdà kọ́ sára ògiri lè dárúkọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀. Àwọn méjèèjì ni yóò sì pe ohun tí wọ́n ń kà ní ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe àṣìsọ. Ìṣirò méjì ni ó pàdé nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, a kò sì lè mọ ohun tí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ bí Rótárì mú wọ ilẹ̀ Yorùbá, àti ohun tí ó bá nílẹ̀, bí a kò bá kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà ni ó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀: ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, ọ̀sẹ̀ Ifá, ọ̀sẹ̀ Ògún, àti ọ̀sẹ̀ Ṣàngó tí í ṣe ọjọ́ Jàkúta. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìmàle mú Àlàmísì àti Jímọ̀ wá, tí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì sì mú ọjọ́ Ìsinmi tirẹ̀ dé, ọjọ́ méje gba orúkọ náà mọ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjà kò tẹ̀ lé wọn. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, ọrọọrún ni ó ṣì ń ná.

Ìkà yìí a máa rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Ọjà tí ó ná lónìí, tí yóò tún ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọjà ọrún ni, nítorí ọjọ́ karùn-ún ni ó bọ́ sí bí a bá ka òní mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì irú èyí ni ìsán, ọjọ́ kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìtàdógún, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́: ogún ni a yọ ẹẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Lóde òní àwọn kan ti sọ ìtàdógún di ọ̀sẹ̀ méjì ọlọ́jọ́ méje, èyí tí kò bá ìṣirò àwọn baba wa mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sún mọ́ ọn.

Lórí ọjọ́ wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ ń jókòó. Irú ẹgbẹ́ tí ó wà kò lóǹkà: ẹgbẹ́ ọ̀gbà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ onísúsú. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tí Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ tí a fi ọjọ́ orí tò lágbára gidigidi. N. A. Fádípẹ̀, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀, èyí tí a kò tẹ̀ jáde títí di ọdún 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1952, ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, kọ àpilẹ̀kọ odindi lórí èsúsú. Èsúsú yìí ti rìn jìnnà: ní Trinidad, níbi tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú dé, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní, ìlò rẹ̀ kò sì yí padà. Oníkálùkù a dá iye kan náà ní ọjọ́ ìpàdé, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Níhìn-ín ni àṣírí wíwá déédéé wà. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀ kì í gbàgbé ọjọ́ ìpàdé.

Ẹgbẹ́ tí Paul Harris dá sílẹ̀ ní Chicago ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905 kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Agbẹjọ́rò ni Harris. Ìlú kékeré kan ní Vermont ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí olúkúlùkù ti mọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí ó dé Chicago ní ọdún 1896, ó rí i pé ènìyàn lè wà láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kí ó má sì ní ẹni tí yóò kí i. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn, oníṣòwò èédú kan tí ń jẹ́ Silvester Schiele, ẹnjinníà ìwakùsà kan tí ń jẹ́ Gustavus Loehr, àti télọ̀ kan tí ń jẹ́ Hiram Shorey, ni wọ́n pàdé ní ọ́fíìsì Loehr ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ọ́fíìsì ọ̀kan títí dé ti èkejì ni wọ́n ń pàdé yí ká, láti inú yíyí yìí sì ni orúkọ Rótárì ti jáde. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn onísúsú ti ń yí ilé ara wọn ká kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ ni, àti pé kí oníṣòwò lè ra ọjà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1907 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ ìlú, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ jà fún ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba fún àwọn ará Chicago. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ńláńlá lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́: ṣáláńgá ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Ìpàdé Rótárì ní ìlànà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Àkúrẹ́. Ààrẹ a lu agogo. A ó kí àlejò, a ó sì dárúkọ ẹgbẹ́ tí ó ti wá. Akọ̀wé a ka ìkéde. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ń tọ́jú ètò ìpàdé, tí àwọn ẹlòmíràn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ọlọ́pàá ẹgbẹ́, yóò gba ìtanràn: lọ́wọ́ ẹni tí ó pẹ́, lọ́wọ́ ẹni tí kò fi àmì ẹgbẹ́ sáyà, àní lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Inú dídùn ni a fi ń san án, owó náà a sì lọ sínú iṣẹ́ àánú. Oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, olùbánisọ̀rọ̀ kan a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú: dókítà lónìí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí ó bá ti di wákàtí kan tàbí kí ó lé díẹ̀, agogo a tún dún, kálukú a sì lọ. Nínú gbogbo èyí, ohun tí ó ṣe àjèjì jù lọ sí ẹgbẹ́ tiwa ni títúká lásìkò.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó kó jọ. Ẹgbẹ́ aláró, àwọn aláró. Iṣẹ́ kan náà ni ó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì lè fi ọwọ́ kan náà dá owó ọjà lé. Rótárì ṣe òdìkejì rẹ̀. Òfin àtètèkọ́ṣe rẹ̀ ni pé ẹnì kan péré ni kí a mú nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: agbẹjọ́rò kan, oníṣègùn kan, atẹ̀wé kan. A ti dẹ òfin náà sílẹ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò parẹ́: kí ìgbìmọ̀ náà lè dà bí àwòrán ìlú fúnra rẹ̀. Bí a bá gbé òfin yìí wá sí agbègbè Ọ̀wọ̀, tí pólì wà níbẹ̀, tí yunifásítì àti ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó rọrùn láti rí olùkọ́, dókítà àti òṣìṣẹ́ báǹkì. Àgbẹ̀ tí ó ní oko kòkó ní Ìsùàdà ńkọ́? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ti ń bọ́ ìlú ṣáájú ilé ìwé gbogbo, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣe ìpàdé lè sé e mọ́ ẹ̀yìn odi. Àwòrán tí kò ní àgbẹ̀ nínú kì í ṣe àwòrán ìlú Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ obìnrin. Fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́rin, ọkùnrin nìkan ni Rótárì ń gbà. Ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ Duarte ní Califonia gba obìnrin mẹ́ta. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ẹgbẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, tí ó dá àwọn ará Duarte láre ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Ní ọdún 1989 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Rótárì pa òfin ọkùnrin-nìkan rẹ́ fún gbogbo àgbáyé. Ní ilẹ̀ tí Ìyálọ́jà ti ń pàṣẹ lọ́jà kí a tó bí Harris, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí kò sí obìnrin nínú rẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu. Rótárì kò ní obìnrin tí ó ṣe ààrẹ rẹ̀ lágbàáyé títí di ọdún 2022, nígbà tí Jennifer Jones ará Kánádà jókòó sórí àga náà.

Ìfura kan tún wà tí kò yẹ kí a fò dá. Ìpàdé tí ó ní àmì àyà, agogo àti àṣà tirẹ̀ a máa mú kí àwọn ará ìta ronú kan awo. Kì í ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1951, ìjọ Kátólíìkì kéde láti Róòmù pé àlùfáà kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Rótárì. Ní ọdún 1979, Póòpù John Paul Kejì dúró níwájú àpéjọ Rótárì ní Róòmù kan náà ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni pé àlejò lè wọ ìpàdé Rótárì kí ó jókòó títí a ó fi túká. Ilé awo kì í rí bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni wíwá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ wà fún? Òfin àtijọ́ le: ẹni tí ó bá pa ìpàdé mẹ́rin jẹ léraléra láìní àwíjàre lè sọ ipò ọmọ ẹgbẹ́ nù. Ẹni tí ó bá rìnrìn-àjò lè wọ ìpàdé ẹgbẹ́ mìíràn níbikíbi láyé láti fi dípò tirẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí àṣejù. Ọ̀rọ̀ àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni ó fi ìwúlò rẹ̀ hàn. Ní ọdún 1979 ni Rótárì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára ní Philippines, ní ọdún 1985 ni ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ àgbáyé. Ní ọdún 2003, Kánò dá àjẹsára náà dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ obìnrin di àgàn, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2004. Àrùn náà ti ibẹ̀ tàn dé àwọn ilẹ̀ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, ta ni ààrẹ Rótárì lágbàáyé? Jonathan Májìyàgbé ni, agbẹjọ́rò tí ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Owó nìkan kò lè borí àhesọ. Ẹni tí ìlú mọ̀, tí àwọn bàbá ọlọ́mọ ń kí lójú ọ̀nà, òun ni ó lè kan ilẹ̀kùn kí wọ́n ṣí i fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti so mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú kí ìṣòro tó dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò àrùn náà tí ó wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ti parẹ́ ní ẹkùn rẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ wá láti inú àjẹsára fúnra rẹ̀ ṣì yọjú lẹ́yìn náà, nítorí náà iṣẹ́ kò tíì tán.

Ní ọdún 2016, ìgbìmọ̀ aṣòfin Rótárì gbà pé kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ máa pàdé lẹ́ẹ̀mejì péré lóṣù, kí ó sì lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní àwọn ọ̀dọ́ kò ní ààyè, oúnjẹ sì ti wọ́n. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ẹni tí a kò rí fún ọjọ́ mẹ́rìnlá ti di àlejò díẹ̀. Àwọn onísúsú kò bá wọn dá sí àríyànjiyàn náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá gba òfin tuntun yìí ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìsùàdà yóò máa jókòó ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn. Bí akọ̀wé rẹ̀ bá sì fẹ́ kọ ìkéde ìpàdé ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ìtàdógún.