Ẹ̀rọ Ohùn Lórí Omi Ìlàjẹ

Nígbà tí àwọn àgbà bá wí pé ẹyin lohùn, pé bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò ra ohùn sínú páálí, tí a óò gbé e lé alábàárù lórí, tí a óò sọ ọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, tí yóò sì fọ́ ní tòótọ́ bí ẹyin. Ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ìjọ kan lè dá owó jọ fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó rí áńpìlífáyà kan àti sípíkà méjì rà ní Èkó. Bí ẹrù náà bá gúnlẹ̀, tí wọ́n tú u, tí wọ́n fi iná sí i, tí kò fọhùn, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ẹni tí ó tà á yóò ní pípé ni ó kúrò lọ́wọ́ òun. Awakọ̀ yóò ní òun kò jù ú lulẹ̀. Alábàárù yóò ní bí òun ṣe gbà á ni òun ṣe gbé e sílẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa sọ òtítọ́. Ẹni tí ó di ẹrù náà gan-an ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń tọ̀. Láti Èkó, ọkọ̀ ilẹ̀ yóò gbé e gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Ìgbókòdá, níbi tí ọ̀nà ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo àgbègbè náà lé omi lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ onígi tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ nídìí ni yóò gbé e lọ sí Ayétòrò, sí Ùgbónlà, tàbí sí Awóyè lọ́hùn-ún. Kòtò ojú ọ̀nà ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi ń gbọ̀n ọ́n wìrìwìrì, ìgbì sì ń gbé e sókè, ó ń là á mọ́ pákó. Ìgbọ̀nrìrì kékeré tí kò dáwọ́ dúró yìí a máa tú ìdè ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè ṣe ibi tí ìjábọ́ ẹ̀ẹ̀kan kò lè ṣe.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Northcote Thomas, òyìnbó tí ìjọba amúnisìn yàn láti wádìí àṣà àwọn ènìyàn, ń gba ohùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹdó ní 1909 sí 1910, orí ìda tí a mọ roboto bí ife ni ó ń gbà á sí. Ìda yìí kò fẹ́ ìjábọ́, kò fẹ́ oòrùn, èéhù sì ń jẹ ẹ́. Kàyéfì ni pé púpọ̀ nínú wọn dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì wà ní British Library títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni àwo dúdú dé. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin 43 sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni oje kòkòrò kan tí ń gbé lára igi ní ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun òkúta. Àwo náà le, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò mọ ìtẹ̀ríba: kò lè tẹ̀, fífọ́ nìkan ni ó mọ̀. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ òkun kó wọn wá sí Èkó kọ́ láti máa tò wọ́n ní ìnàró, ní ègbẹ́ ara wọn, nítorí pé bí a bá dùbúlẹ̀ wọn léra, ti ìsàlẹ̀ ni yóò ru ìyà gbogbo ti òkè. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo oníke jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948 ni ìrora ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn a máa ká àwo oníke kò bí ewé.

Kí ló dé tí páálí yóò gúnlẹ̀ láìní ìpalára, tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì ti bàjẹ́? Ohun tí ń ba ẹ̀rọ jẹ́ kì í ṣe ìjábọ́ fúnra rẹ̀, bí kò ṣe bí ó ṣe dúró lójijì. Ká ní ẹrù já láti gíga mítà 1, tí í ṣe nǹkan bí ìbàdí ènìyàn. Bí ohun tí ó tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré kí ó tó dúró, agbára tí yóò bá gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ yóò tó ìwọ̀n wọn lọ́nà 100. Tíránsífọ́mà tí ó wọn kìlógíráàmù 3 yóò di 300 fún ìṣẹ́jú akàn yẹn: àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà ni ó gùn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n dè é mọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5, agbára náà yóò wálẹ̀ sí ìlọ́po 20, tíránsífọ́mà yóò sì di 60, ó fi díẹ̀ ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Gbogbo ọgbọ́n ẹrù dídì kò ju èyí lọ: kí a ra àyè díẹ̀ fún ẹ̀rọ láti fi dúró. Tìmùtìmù tí ó rọ̀ jù yóò pẹlẹbẹ pátápátá kí ó tó ṣiṣẹ́. Èyí tí ó le jù kò yàtọ̀ sí pákó. Ìwé ìròyìn tí a ká mọ́ra tí a kì bọ àárín a máa rún nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri nínú páálí.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ti ń kú. Ti sípíkà ni òòfà ńlá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Okùn bàbà tínrín tí ń mú ohùn jáde ń mì nínú àyè kan tí kò tó mìlímítà kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òòfà bá yẹ̀ díẹ̀, okùn náà yóò ha, sípíkà yóò sì máa hó bí ọ̀fun olótùútù. Ti giramafóònù ni apá tí ó gbé abẹ́rẹ́ dání. Kí a tó dì í, kí a yọ àwo irin tí ń yí, kí a yọ ìwọ̀n tí ó wà ní ìdí apá náà, kí a so apá náà mọ́ ibi ìsinmi rẹ̀, kí a sì di ohun tí a yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá fi àwo irin náà sílẹ̀ sí àyè rẹ̀ ti fi òòlù sínú páálí kan náà pẹ̀lú ẹyin.

Ní ilẹ̀ omi, ọ̀tá mìíràn tún wà tí àwọn tí ń di ẹrù ní Èkó kì í rò. Páálí kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ etíkun nìkan, láìsí òjò, lè gba ìdajì agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí páálí tí ó dúró ṣinṣin ní ṣọ́ọ̀bù yóò fi wọlé nígbà tí wọ́n bá gbé àpò gàárì lé e nínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fi ọ̀rá tí ó nípọn wé ẹ̀rọ náà nígbà tí ó gbẹ, kí a fi tìmùtìmù yí i ká nínú páálí kékeré, kí a gbé páálí kékeré sínú ńlá pẹ̀lú tìmùtìmù láàárín méjèèjì, kí a tún fi ọ̀rá bo ìta. Àpótí pákó sàn jù fún ẹ̀rọ tí ó wúwo. Kò sí ohun àjèjì nínú èyí. Oníkòkò kì í to ìkòkò lu ìkòkò láìfi koríko sí àárín, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń gbé ẹyin lọ sí ọjà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Bí a bá dì í tán, kí a gbé e sókè, kí a mì í, kí a tẹ́tí. Bí ohunkóhun bá dún nínú rẹ̀, kí a tú u.

Àwòrán wà tí gbogbo àgbáyé ń tẹ̀ sára páálí: ọfà méjì ń tọ́ka òkè, agboòrùn ní kí omi má kàn án, ife onígíláàsì sì ní ohun inú rẹ̀ lè fọ́. Ṣùgbọ́n alábàárù tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún lè rí ife náà kí ó rò pé ọtí ni ó wà nínú rẹ̀. Ó sàn kí a kọ ọ́ ní Yorùbá gàdàgbà, kí a sì sọ ọ́ fún un lẹ́nu pẹ̀lú.

Téèpù ni ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra gbé jù lọ, nítorí áńpìlífáyà ṣeé rà padà. Ayétòrò, tí àwọn ará ibẹ̀ tẹ̀ dó ní 1947, ti rí bí òkun ṣe ń gbé ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ lọ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Bí kásẹ́ẹ̀tì tí ó gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀ bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bóyá ìtàn, bóyá orin bírípo, ẹ̀dà mìíràn lè má sí níbikíbi. Nígbà tí wọ́n bá ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sí òkè ilẹ̀, kí wọ́n má ṣe dì í pọ̀ mọ́ sípíkà. Òòfà sípíkà lè pa ohùn inú téèpù rẹ́ láìfọwọ́ kàn án.

Bí ẹrù bá gúnlẹ̀, kí a tú u ní èbúté lójú awakọ̀, kí ó tó yí ọkọ̀ padà. Bí omi iyọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò pẹ̀lú iná. Iyọ̀ a máa gbé iná gba ibi tí kò yẹ, a sì máa jẹ bàbà ní kíákíá. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí ó ṣí i, nítorí pé iná a máa sápamọ́ sínú áńpìlífáyà lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà rẹ̀. Omi tí kò ní iyọ̀ ni yóò fi ṣan pákó wáyà inú rẹ̀. Kí wọ́n wá gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ ìbòòji, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni tó fi iná sí i.