Awakọ̀ Tó Rìn Nígbà Tí Àwọn Yòókù Ń Sáré

Ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, 14 oṣù Kẹfà, ọdún 1969, awakọ̀ 45 tò sí ẹ̀gbẹ́ kan títì ní Le Mans, ìlú kan ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ọkọ̀ wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níwájú ibi tí àwọn mẹkáníìkì wà. Agogo mẹ́rin ni ìdíje ọkọ̀ oníwákàtí 24 yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Faransé fẹ́ dìbò yan ààrẹ lọ́jọ́ kejì, ni wọ́n bá fà á wá síwájú kí èèyàn lè tètè délé. Àsíà wálẹ̀. Àwọn awakọ̀ ki eré mọ́lẹ̀, wọ́n sáré kọjá títì, wọ́n bẹ́ sínú ọkọ̀, wọ́n ṣáná, wọ́n sì ti lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sáré. Jacky Ickx, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ẹni ọdún 24, ń rìn bọ̀ bí ẹni tó ń lọ kí aládùúgbò. Ìgbà tí àwọn ọkọ̀ tó ti gbéra fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ló tó mú ẹsẹ̀ yá díẹ̀. Ó wọ inú Ford GT40 rẹ̀, nọ́ńbà 6, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa bẹ́líìtì, ó dè é dáadáa, kó tó wá ṣáná. Gbogbo ọkọ̀ ti lọ tán kí tirẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Ọdún kejì, wọn ò sáré lọ bá ọkọ̀ mọ́ ní Le Mans, wọn ò sì tún ṣe é títí dòní. Èrò mi ni pé ìrìn yẹn ló fa ìyípadà náà ju ìwé ẹ̀hónú èyíkéyìí lọ. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó já sí asán, bó sì ṣe kù díẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Eré àsáré náà ti pẹ́. Ọdún 1923 ni Georges Durand, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń pè ní Automobile Club de l'Ouest, akọ̀ròyìn Charles Faroux àti oníṣòwò Emile Coquille dá ìdíje wákàtí 24 sílẹ̀. Kì í ṣe eré sísá nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ mọ ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kò ní kú lóru àti èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní dákẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó gba ipò kìíní lọ́dún yẹn, André Lagache àti René Léonard, rin kìlómítà 2,209 nínú Chenard-Walcker kan. Ọdún 1925 ni wọ́n wá ní kí àwọn awakọ̀ máa sáré kọjá títì lọ bá ọkọ̀, kí awakọ̀ sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òrùlé aláṣọ ọkọ̀ sókè kó tó gbéra. Ìdánwò ni èyí náà: ṣé òrùlé yẹn ṣeé gbé sókè kíá bí òjò bá dé?

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ òrùlé kúrò ńlẹ̀, eré àsáré kò kúrò. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ayàwòrán fẹ́ràn rẹ̀, àwọn awakọ̀ kan sì di olókìkí nídìí rẹ̀. Stirling Moss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, já fáfá níbẹ̀ débi pé òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbéra. Kò sẹ́ni tó rí ewu níbẹ̀ nígbà náà, torí bẹ́líìtì kò sí nínú ọkọ̀ ìdíje lásìkò ọ̀hún. Kí lèèyàn fẹ́ dúró dè?

Àmọ́ kí ọdún 1969 tó dé, nǹkan ti yàtọ̀. Ọkọ̀ ń sáré ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ ní Hunaudières, ọ̀nà tó nà tàntàn fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà láàárín igbó, tó jẹ́ títì gbogboogbò tí àwọn ará àdúgbò ń gbà lọ sóko lójoojúmọ́. Bẹ́líìtì ti wà, kò sì rọrùn bíi ti mọ́tò ilé: okùn rẹ̀ pọ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń fà á mú èjìká àti ìbàdí, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni mẹkáníìkì máa ń bá awakọ̀ dè é. Ẹni tó bá sáré wọ ọkọ̀, tí ọkọ̀ 44 mìíràn ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní àyè irú rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi orúnkún gbá ọwọ́ ìwakọ̀ mú lórí eré lójú ọ̀nà Hunaudières kí wọ́n lè fọwọ́ méjèèjì wá bẹ́líìtì. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dè é títí wọ́n á fi yà wá ra epo. Òfin kankan kò sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò ìbẹ̀rẹ̀ náà ló sọ ọ́ di dandan.

Ọdún tó ṣáájú ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n, ká ní wọ́n fẹ́ gbọ́. Ní 1968, Willy Mairesse, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù bíi Ickx, kánjú wọ Ford GT40 rẹ̀, kò sì ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn máa ń ṣí pẹ̀lú apá kan òrùlé, afẹ́fẹ́ sì rí i gbá mú. Ní ìyípo àkọ́kọ́, lórí eré burúkú ní Hunaudières, ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ̀ sì fi ọ̀nà sílẹ̀. Mairesse kò kú lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò bá wọn díje mọ́ láéláé.

Ọdún 1969 fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní 30 oṣù Kẹta, níbi ìdánwò ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe ṣáájú ìdíje, Lucien Bianchi kú nínú Alfa Romeo rẹ̀ ní Le Mans níbẹ̀. Bianchi yìí kan náà ni òun àti Pedro Rodríguez gba ìdíje 1968, inú ọkọ̀ tí Ickx fẹ́ wà yìí gan-an ni wọ́n sì ti gbà á. Ní oṣù Kẹrin, Matra tí Henri Pescarolo ń dán wò gbéra nílẹ̀ ní Hunaudières, ó já wọ inú igbó, iná sì jó Pescarolo gidigidi. Ickx fúnra rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kán ní Kánádà ní oṣù Kẹsàn-án 1968, ìdí tí kò fi sí nínú ìdíje ọdún yẹn nìyẹn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Ickx kì í ṣe ẹni tí èèyàn á retí irú ìgbésẹ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Jackie Stewart, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló ń ṣíwájú nínú ìpolongo ààbò láàárín àwọn awakọ̀ nígbà yẹn, ariwo tiwọn náà ló mú kí wọ́n fagi lé ìdíje Formula One ní Spa, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1969 yìí. Ickx kò bá Stewart fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú tirẹ̀, ewu wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n yàn. Ohun tí kò lè fara mọ́ ni ewu tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìdíje tó máa gba odindi ọjọ́ kan, kí lèrè ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá?

Kò tíì parí ìyípo kan tí èsì fi dé. Porsche mú ọkọ̀ tuntun kan wá lọ́dún yẹn, 917, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà 12. Ọkọ̀ náà yára ju gbogbo ọkọ̀ tó wà ńbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú ọ̀nà bó bá ti ń sáré. Àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ náà pàápàá ń sá fún un. John Woolfe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ ra ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ó sáré, ó bẹ́ sínú ọkọ̀, ó lọ. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Maison Blanche, níbi tó ku díẹ̀ kí ó parí ìyípo àkọ́kọ́, 917 bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ já sí wẹ́wẹ́, ó ju Woolfe síta, ó sì kú. Kò tíì de bẹ́líìtì. Táǹkì epo rẹ̀ tó ń jó yí wá síwájú Ferrari tí Chris Amon ń wà bọ̀, iná ran ọkọ̀ tiẹ̀ náà, orí ló kó Amon yọ.

Ickx tó gbéra kẹ́yìn ló wá bá gbogbo èyí lójú ọ̀nà.

Ní ti ìdíje fúnra rẹ̀, Porsche ló yẹ kó gbà á. Ìdíje kẹjọ nínú mẹ́wàá ni Le Mans jẹ́ nínú ìdíje àgbáyé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́dún 1969, Porsche sì ti gba márùn-ún léraléra, láti Brands Hatch títí dé Nürburgring. Ohun tí wọn kò tíì gbà rí ni ipò kìíní ní Le Mans. Ford GT40 ti di arúgbó: ọdún 1964 ni wọ́n ti ṣe é jáde, gbogbo èèyàn ló sì gbà pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. John Wyer, olórí ikọ̀ tó ni í, mọ̀ pé kò lè sá eré bá Porsche. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí Ickx àti ẹnìkejì rẹ̀, Jackie Oliver, máa wà á níwọ̀nba, kí wọ́n má ba ẹ́ńjìnnì tàbí bíréèkì jẹ́, kí wọ́n sì dúró de ìṣubú àwọn ẹlòmíràn.

Ìṣubú náà dé, ó kàn pẹ́ ni. Porsche 917 ti Vic Elford àti Richard Attwood ló ń ṣíwájú mọ́jú. Ó ku bíi wákàtí mẹ́ta kí jíà rẹ̀ tó dákẹ́. Ford bọ́ síwájú. Ẹni tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni Hans Herrmann, àgbà awakọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ti lé ní ogójì ọdún, nínú Porsche 908 tí òun àti Gérard Larrousse jọ ń wà. Ọkọ̀ wọn ti jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí béárìn táyà. Wọ́n sì ti lé gbogbo àkókò yẹn bá.

Wákàtí tó kẹ́yìn yẹn, àwọn tó rí i kò gbàgbé rẹ̀. Porsche yára ju Ford lọ, ṣùgbọ́n bíréèkì rẹ̀ ti ń jẹ tán, iná ìkìlọ̀ ti tàn níwájú Herrmann. Bí ó bá yà lọ pààrọ̀ rẹ̀, ìdíje ti bọ́ nìyẹn. Kò yà. Ickx kọjá rẹ̀, ó kọjá Ickx, ìyípo lórí ìyípo, nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ipò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìyípo kan. Ní Hunaudières, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń jàǹfààní: ọkọ̀ iwájú ló ń la afẹ́fẹ́, ti ẹ̀yìn á kàn máa wọ́ tẹ̀lé e, bó bá wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti kọjá. Àwọn méjèèjì mọ èyí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wà níwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà. Ní ìyípo tó kẹ́yìn, Ickx dẹ eré bí ẹni tí epo ń tán nínú ọkọ̀ rẹ̀. Herrmann kọjá. Ìyẹn ni Ickx ń wá. Ó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó sì yà kọjá kí ọ̀nà tó parí, níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì. Bíréèkì Herrmann kò tó láti dá a padà.

Lẹ́yìn wákàtí 24 àti ìyípo 372, kìlómítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 5,000, nǹkan bíi 120 mítà ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo 120 mítà yẹn dáadáa. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Àkókò tí Ickx fi rìn kọjá títì, tó fi de bẹ́líìtì, ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní Herrmann ló gbà á, gbogbo ìwé ìròyìn ni ì bá kọ ọ́ pé ìrìn Ickx ló fi pàdánù, àwọn olùṣètò ì bá sì rí ẹ̀rí tọ́ka sí títí láé: ẹ wá wo ẹni tó ní kí a má sáré mọ́. Ikú Woolfe nìkan yẹ kó tó, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ikú ti wáyé ní Le Mans lọ́pọ̀ ìgbà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó rìn ló gba ife-ẹ̀yẹ, ẹni tó sáré láìde bẹ́líìtì ló kú, wákàtí 24 kan náà ló sì gba ohun méjèèjì. Kò sí àwáwí tó kù.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Ickx ń wa Porsche 911 lọ sí Paris. Nítòsí Chartres, mọ́tò kan yà sí i lójú ọ̀nà lójijì, ọkọ̀ Ickx sì lọ kọlu òpó wáyà. Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì jáde láìfarapa.

Nígbà tí ìdíje ọdún 1970 máa bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ṣì tò ní ẹ̀gbẹ́ títì bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ti wà nínú wọn, wọ́n ti fi bẹ́líìtì dì wọ́n mọ́ ìjókòó, ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù kí wọ́n ṣáná sí. Ọdún 1971 ni wọ́n pa ìyẹn náà tì, àwọn ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn wá sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ lórí ìrìn. Ickx padà gba Le Mans nígbà márùn-ún sí i, ìkẹyìn rẹ̀ ní 1982. Herrmann kò dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú òjò ọdún 1970, òun àti Attwood gba ipò kìíní nínú Porsche 917, àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Porsche máa gbà ní Le Mans. Ó ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá gba ìdíje yìí, òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó gbà á, ó sì fi í sílẹ̀.