Iná Tó Ń Jò Nígbà Tí Mọ́tò Ń Sùn

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń rọ́ lọ sí Arigbo, níbi ihò àpáta Màríà láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè. Láti Kútọnú, ó tó nǹkan bí kìlómítà 200 ní títì Párákú. Ká ní ẹnì kan wa Peugeot 504 àtijọ́ débẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gbàdúrà. Nígbà tó fẹ́ máa lọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kíá ni gbogbo èèyàn á ní bátìrì ti kú, kó lọ ra òmíràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí iná bá ń jò, bátìrì tuntun náà á kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó á sì ti lọ.

Ọdún 1968 ni 504 jáde ní Faransé. Lọ́dún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná, ó sì kún gbogbo títì wa. Kò ní kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, kò sóhun tó yẹ kó tún máa mu iná àfi aago, àti rédíò tó bá ní wáyà tó fi ń rántí ibùdó tí a yàn. Àpapọ̀ wọn kò yẹ kó kọjá mílíámpù 50.

Ẹ wá wo gílóòbù búùtù, wáàtì 5 péré, tó ṣì ń tàn lẹ́yìn tí a ti pa ìdérí dé nítorí pé bọ́tìnnì rẹ̀ há. Ẹnikẹ́ni ò rí i. Ó ń mu bí ámpù 0.4, ìyẹn ámpù-wákàtí 10 láàárín ọjọ́ kan, 30 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bátìrì tó gba 50 á ku 20. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin á ti dákẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti wá ìjò ni ti àwọn rìwáyà àtijọ́: gílóòbù bíréèkì kan, fóòtì 12, wáàtì 21. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn. Ẹ tú wáyà kúrò lórí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ wá so gílóòbù náà sáàárín wáyà ọ̀hún àti orí bátìrì. Iná yòówù tó bá ń jò, inú gílóòbù yìí ló máa gbà kọjá. Bó bá tàn yòò, ìjò náà pọ̀; bó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kódà bí wáyà kan bá fara kan irin mọ́tò ní tààrà, gílóòbù ò ní jẹ́ kí ohun tó ju ámpù 1.75 lọ kọjá, kò sì sóhun tó máa jóná. Ìdí tí mo fi ní ká kọ́kọ́ lò ó ṣáájú mítà nìyẹn. Bí kò bá tàn rárá, ẹ fi mítà rọ́pò rẹ̀, lórí ámpù 10. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sítáàtì mọ́tò nígbà náà o: sítátà lè fa ju ámpù 100 lọ, mítà á bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ yọ tí iná fi wálẹ̀, ẹ tọpa wáyà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á yọ gbogbo fíúsì tán, iná á ṣì máa jò. Wáyà alternator ni wọ́n gbàgbé. Wáyà ńlá yẹn kì í gba inú fíúsì. Tààrà ló lọ bá bátìrì. Dáyóòdù mẹ́fà wà nínú alternator, iṣẹ́ wọn sì dà bíi ti ìgèrè lódò: iná lè gba inú wọn lọ sí bátìrì, kò lè gba ibẹ̀ padà. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, bátìrì á máa tú iná sínú alternator tó dúró jẹ́ẹ́ láti alẹ́ mọ́jú. Ẹ fọwọ́ bà á ní kùtùkùtù, kí ẹ tó sítáàtì: gbogbo irin ẹ́ńjìnnì á tutù, òun nìkan á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí orí bátìrì bá wà ní títú, ẹ tú wáyà ńlá náà, ẹ wé e kó má kan irin, kí ẹ wá dá gílóòbù padà. Bí kò bá tàn mọ́, ibẹ̀ ni.

Ẹ má fojú di ìdọ̀tí. Eruku ọyẹ́ tó pò mọ́ ásíìdì lórí bátìrì lè so orí méjèèjì pọ̀. Ẹ gbé mítà sórí fóòtì, wáyà dúdú lórí nẹ́gétíìfù, kí ẹ fi pupa rìn lórí rọ́bà bátìrì. Bó bá ka fóòtì, ẹ fi omi tí a po sódà oníkéèkì mọ́ fọ̀ ọ́, kó má ṣe wọ inú ihò omi bátìrì.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ ní Ìdáàṣà, ẹni wa lè ní kí wọ́n ti mọ́tò náà, kó fi jíà kejì jí i. Ṣùgbọ́n alternator nílò iná díẹ̀ láti inú bátìrì kó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí bátìrì bá ti gbẹ pátápátá, wọ́n lè ti mọ́tò títí kó má jí. Ó sàn kó wá ṣájà, kó rọra fi ámpù 5 ṣáájì rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá, kó wá fi í sílẹ̀ mọ́jú láìso ó mọ́ nǹkan kan. Bí mítà bá ka fóòtì 12.6 láàárọ̀, bátìrì náà ṣì dára, kó gbé e padà. Bó bá ti wálẹ̀ sí 12, ìgbà yẹn ni kó ra tuntun.