Káàdì Àwìn Láàárín Ìwé Ìlérí àti Kọ́kọ́rọ́ Ilé

Láàárín ọjọ́ tí báńkì bá fún ènìyàn ní ìwé pé òun yóò yá a lówó ilé àti ọjọ́ tí owó náà yóò jáde ní ti gidi, àkókò kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, nítorí wọ́n gbà pé bí ìwé bá ti tẹ àwọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ń yáni lówó. Ìlérí ni ìwé náà, ìlérí ọ̀hún sì dúró lórí ipò tí ayáwó wà nígbà tó béèrè. Bí ipò náà bá yí padà kí owó tó jáde, báńkì lè tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, kí ó dín owó náà kù, tàbí kí ó fà sẹ́yìn pátápátá. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà egbèje. Onígbèsè tó kọ̀ tí kò sanwó ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ní ti owó ilé, ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ déédéé pàápàá lè fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́gi dínà, bí ó bá lọ yá ẹgbẹ̀fà ní ọ̀sẹ̀ tí egbèje ń bọ̀ lọ́nà.

Mọ́géèjì ni orúkọ owó tí a yá láti fi ra ilé tàbí láti fi kọ́ ọ, tí ilé ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìdógò lọ́wọ́ ẹni tó yáni lówó títí gbèsè yóò fi tán. Ní Nàìjíríà, Federal Mortgage Bank of Nigeria, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1977 láti rọ́pò Nigerian Building Society ti ọdún 1956, ni òpómúléró iṣẹ́ yìí. Òfin ọdún 1992 ló dá àpò National Housing Fund sílẹ̀, èyí tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí, kí òun náà lè rí owó ilé yá níbẹ̀ ní èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì máa san án fún ìgbà tó lè tó 30 ọdún. Káàdì àwìn yàtọ̀ sí èyí, ó sì yàtọ̀ sí káàdì ATM tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà lójú POS ní ọjà Ṣágámù: owó oníkáàdì fúnra rẹ̀ ni káàdì ATM ń ná, ṣùgbọ́n owó báńkì ni káàdì àwìn ń ná, tí a ó sì san padà lópin oṣù, tàbí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé tó ga ju ti àpò owó ilé lọ fíìfíì. Àwìn kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, nítorí láyé àtijọ́, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà a máa gbé aṣọ kiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Àmọ́ gbèsè òṣómàáló kì í kọjá ojú àwọn ará àdúgbò. Gbèsè káàdì ń dé ojú báńkì tí onígbèsè kò tíì wọlé rẹ̀ rí.

Ní Mákùn, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Rẹ́mọ tó para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872, tí Ewùsì sì jẹ́ ọba Mákùn, ìdúró láàárín ìwé ìlérí àti ọjọ́ tí owó yóò jáde lè pẹ́ ju bí ayáwó ti rò lọ. Rìsíìtì tí ẹbí fi ta ilẹ̀ lè tó ẹ̀rí lójú aládùúgbò, ṣùgbọ́n C of O ni báńkì ń wò, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní kí a má fi í dógò láìgba àṣẹ rẹ̀. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ìdógò tí kò ní àṣẹ gómìnà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí agbẹjọ́rò báńkì fi ń yẹ ìwé wò títí, tí ẹni tó ń díye lé ilé yóò wá, tí ìwé yóò sì dé ọ́fíìsì gómìnà ní Abẹ́òkúta kó tó padà wálé, tí oṣù yóò sì máa gorí oṣù. Inú ìdúró yìí ni ọwọ́ ti ń yún ayáwó, nítorí ó ti ń rí pálọ̀ lójú inú, ó sì ti ń ka iye àga, fìríìjì àti ínfátà tí yóò gbé síbẹ̀.

Ohun tí báńkì fi ń mọ̀ pé nǹkan ti yí padà ni àkọsílẹ̀ gbèsè. Láti ọdún 2014 ni BVN ti so gbogbo àkáǹtì tí ẹnì kan ní pọ̀ mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry sì ń kó ìròyìn gbèsè jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó: iye tí a yá, iye tó kù, àti oṣù tí a kò san. Òfin tó fẹsẹ̀ iṣẹ́ wọn múlẹ̀ ni Credit Reporting Act ti ọdún 2017, tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, buwọ́ lù nígbà tó ń ṣe adelé Ààrẹ. Láti oṣù Ògọ́sì 2020, àṣẹ Báńkì Àpapọ̀ tí à ń pè ní Global Standing Instruction tún fún báńkì tí a jẹ ní gbèsè láyè láti fa owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn. Gbèsè tí a gbójú fò níhìn-ín lè wá gbé àsansílẹ̀ ilé tí a fi pamọ́ sọ́hùn-ún lọ.

Bí a bá ṣírò ó, yóò yéni dáadáa. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù ń gba ₦300,000 lóṣù, tí ó sì fẹ́ yá ₦10,000,000 ní èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún fún 20 ọdún. Nǹkan bí ₦71,600 ni yóò máa san lóṣù. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń yáni lówó ilé sábà máa ń lò ni pé kí owó tó ń lọ sórí gbèsè má ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ, ìyẹn ₦100,000 fún un, nítorí náà ó ku ₦28,400 kó tó kan ààlà. Bí ó bá wá fi káàdì àwìn ra ẹrù ilé ₦600,000, tí yóò san láàárín oṣù 12, owó ẹrù nìkan jẹ́ ₦50,000 lóṣù láìka èlé. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦121,600, ó sì ti ré ààlà kọjá. Kò jalè, kò sì jẹ gbèsè kankan tì. Ìṣirò ló yí padà.

Àwọn ọmọ Rẹ́mọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń bá irú rẹ̀ pàdé, ewu tiwọn sì tún ní apá mìíràn. Níbẹ̀, ọjọ́ tí olùtà àti olùrà pààrọ̀ ìwé àdéhùn yàtọ̀ sí ọjọ́ tí owó pé tí kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ sọ́wọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni olùrà sábà máa ń fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé sílẹ̀. Bí báńkì bá tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ Experian, Equifax tàbí TransUnion kí ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ tó pé, tó rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè káàdì tuntun tàbí pé ó ti ná ti àtijọ́ dé góńgó, tó sì fà sẹ́yìn, àsansílẹ̀ náà lè bá a lọ.

Èyí kò sọ káàdì di èèwọ̀. Ẹni tó ti ń fi káàdì ra epo ọkọ̀ àti oúnjẹ tẹ́lẹ̀, tó sì ń san gbogbo rẹ̀ lópin oṣù, lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyípadà òjijì ló ń kọ báńkì lóminú. Ohun tó yẹ kí a sá fún ni káàdì tuntun, owó áàpù orí fóònù, gbèsè kọ́párétífù tí a kò sọ fún báńkì, dídúró fún ẹlòmíràn bí onígbọ̀wọ́, àti jíjẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó kọjá. Ẹni tó ń dúró de owó tún lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó sì ní kí a tún èyí tí kò tọ́ ṣe, ó sì sàn kí ó ṣe é kí báńkì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìnáwó àìròtẹ́lẹ̀ bíi àìsàn bá dé, kí ó sọ fún òṣìṣẹ́ báńkì tó ń bójú tó ìwé rẹ̀ kí ó tó yá ohunkóhun. Fìríìjì àti àga yóò ṣì wà lọ́jà lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó bá sì ti san owó ilé oṣù àkọ́kọ́, yóò fojú ara rẹ̀ rí iye tó ṣẹ́ kù, yóò sì mọ̀ bóyá owó ọwọ́ ni yóò fi rà wọ́n tàbí àwìn.