Bí Rọpárọsẹ̀ Bá Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Èèyàn, Ṣé Ó Gba Ọgbọ́n Rẹ̀ Náà Ni?

Bàbá kan jí láàárọ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́. Ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Kíá, ariwo ti sọ nínú ilé: "Wọ́n ti fi oògùn di bàbá lẹ́nu!" "Orí bàbá ti dàrú!" Ẹ rọra ná. Ó ṣeé ṣe kí ọgbọ́n bàbá ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́dún 1861, nílé ìwòsàn Bicêtre létí Paris, dókítà Paul Broca bá ọkùnrin kan pàdé. Ó ti lé ní ọdún 20 tí ọkùnrin yìí ti wà níbẹ̀, "tan" nìkan ló sì lè sọ. Ohun yòówù kí ẹ bi í, "tan, tan" ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Tan nìyẹn. Àmọ́ ó ń gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń bá a sọ, ó sì ń fọwọ́ ṣàpèjúwe èsì. Nígbà tó kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò: apá òsì níwájú ló ti bàjẹ́.

Lọ́dún 1874, Carl Wernicke, ará Jámánì, ṣàlàyé irú mìíràn. Tó bá jẹ́ pé apá òsì náà ló bàjẹ́, àmọ́ tó wá sẹ́yìn díẹ̀, ẹnu onítọ̀hún lè máa yọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní nítumọ̀. Ohun táwọn ẹlòmíì ń sọ kò sì ní yé e dáadáa. Irú wọn la máa ń pè ní wèrè, wọn kì í ṣe wèrè.

Apá òsì ọpọlọ ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ sísọ lára ọ̀pọ̀ jù lọ wa. Òun náà ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ti rí ìdí tí apá bàbá àti ẹnu rẹ̀ fi jọ dákẹ́. Orin ní tiẹ̀ máa ń lo apá ọ̀tún ọpọlọ gan-an, ìdí nìyẹn táwọn kan tí kò lè sọ̀rọ̀ fi ń kọrin tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀.

Tó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló fà á, oògùn kan wà tó ń tú u, àmọ́ láàárín wákàtí 4 àtààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bi bàbá ní ìbéèrè tó lè fi orí dáhùn, kẹ́ ẹ sì fún un láyè. Ẹ má sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa níṣojú rẹ̀. Ó lè máa gbọ́ yín o.