Ṣé dandan ni kí ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ ti di ipò mú rí?

Ní ibùdókọ̀ Jíbówú l'Ékòó, kí èrò tó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Onítshà, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè bóyá dírẹ́bà mọ ọ̀nà náà. Òfin ilẹ̀ wa kò bi ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ ní irú ìbéèrè yẹn.

Abala 131 nínú ìwé òfin 1999 ní kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí, kó ti pé ọdún 35 (40 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní 2018), kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀, kó sì kàwé dé ìpele ìwé mẹ́wàá. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó ti ṣe gómìnà tàbí sẹ́nétọ̀ rí.

Owó àti èèyàn ló wá ń ṣe àṣàyàn. Ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ, PDP ta tiwọn ní mílíọ̀nù 40. Olùdíje tún gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ta ló ní irú okun bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ti jókòó sípò? Láti 1999, gbogbo ẹni tó wọlé ló ti ṣe gómìnà tàbí olórí ìjọba ológun rí.

MKO Abíọ́lá kò ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Oníṣòwò ni. Síbẹ̀, nínú ìbò ààrẹ June 12, 1993, ó fìdí Bashir Tofa rẹmi, àní ní Kánò tí í ṣe ìpínlẹ̀ Tofa. Babangida, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, fagi lé ìbò náà, Abíọ́lá sì kú sí àtìmọ́lé ní 1998. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn: wọn kò jẹ́ ká rí bí yóò ṣe ṣe é.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n rí i. Patrice Talon, oníṣòwò òwú tí kò di ipò ìjọba mú rí, ló na Lionel Zinsou, olóòtú ìjọba ìgbà náà, nínú ìbò ààrẹ 2016. Ní 2019, lábẹ́ ìjọba Talon, ẹgbẹ́ alátakò kankan kò ráyè díje sílé aṣòfin. Àìmọ̀ṣẹ́ kọ́ ló fa ìyẹn. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Nítorí náà, èmi kì í bèèrè iye ọdún tí olùdíje lò nípò. Bó bá ti ṣe gómìnà, mo fẹ́ mọ iye gbèsè tó fi sílẹ̀, àti bóyá àwọn tíṣà gba owó oṣù wọn. Bó bá jẹ́ oníṣòwò, kó fi ìwé owó orí rẹ̀ hàn wá.