Omi líle àti omi onírin ní Oko Ọba

Omi líle ni omi tí kálsíọ̀mù àti magnésíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Omi rírọ̀ ni òdì-kejì rẹ̀. Ní Oko Ọba, àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó, omi kànga ẹ̀rọ lè sọ aṣọ funfun di pípọ́n, ó sì lè jẹ páìpù. Ó rọrùn láti pe irú omi bẹ́ẹ̀ ní omi líle, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àdúgbò náà kì í sábà mú omi líle jáde. Irin àti kíkan omi ni ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí pé àtúnṣe ọ̀kan kì í ṣe àtúnṣe èkejì. Bákan náà, yálà omi le ni tàbí ó rọ̀, ìyẹn kò fi hàn pé ó dára fún mímu.

Bí omi ṣe ń le

Omi òjò rọ̀. Bí ó bá wọ ilẹ̀, ó ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́nì mọ́ra, èyí sì ń mú un kan díẹ̀. Bí omi bẹ́ẹ̀ bá gba inú òkúta ẹfun kọjá, ó máa ń yọ́ díẹ̀ nínú òkúta náà, ibẹ̀ sì ni líle rẹ̀ ti ń wá. Mílígírámù kálsíọ̀mù kábọ́nétì nínú lítà omi kan ni a fi ń wọn líle omi. Omi tí kò ju 60 lọ rọ̀, èyí tí ó ju 120 lọ le, èyí tí ó bá sì ju 180 lọ le gan-an. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 2007, fi òdiwọ̀n sí 150.

Ilẹ̀ àti orísun omi Oko Ọba

Yanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Oko Ọba. Omi tí ó gba inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá kì í rí kálsíọ̀mù púpọ̀ kó, nítorí náà ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń kan. Kíkan yìí àti àìsí afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí irin inú yanrìn yọ́ sínú omi.

Ewékorò àti Ṣágámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni òkúta ẹfun wà, níbi tí wọ́n ti ń wa á fún sìmẹ́ńtì. Kànga tí ó bá kan irú òkúta bẹ́ẹ̀ lè mú omi líle wá. Ní etí ọ̀sà àti òkun, bí i Erékùṣù Èkó àti Apápá, omi iyọ̀ lè wọ inú kànga, kí ó sì kó magnésíọ̀mù àti kálsíọ̀mù wá. Oko Ọba jìnnà sí etí òkun ju àwọn ibi wọ̀nyí lọ.

Omi ẹ̀rọ ìjọba ní agbègbè Agége tan mọ́ ilé-iṣẹ́ omi Ìjù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, àti ti Adíyàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Odò Ògùn ni a ti ń fa omi wọn. Orí àpáta tí kì í ṣe òkúta ẹfun ni odò yìí ti ń ṣàn fún ọ̀nà jíjìn, nítorí náà omi rẹ̀ kì í le púpọ̀. Nítorí pé omi ìjọba kì í dé gbogbo ilé déédéé, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ń lo kànga ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n ra omi kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà.

Ipa omi líle nínú ilé

Kálsíọ̀mù máa ń dà pọ̀ mọ́ ọ̀rá inú ọṣẹ, yóò sì di ìdọ̀tí funfun tí ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ara àti garawa. Ọṣẹ púpọ̀ yóò sì ṣòfò kí ó tó hó. Ọṣẹ dúdú náà kò yọ sílẹ̀. Bí a bá ń se omi líle, ẹfun líle máa ń dì mọ́ inú kẹ́tùlù, ó sì ń mú kí iná púpọ̀ ṣòfò. Ewu kan náà ni ó wà fún bọ́ílà àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà bí wọn kò bá tọ́jú omi wọn. Ẹ̀wà pẹ̀lú máa ń pẹ́ kí ó tó rọ̀ nínú omi líle. Kán-ún tí àwọn ìyá wa ń fi sí ẹ̀wà ń mú kí ó tètè rọ̀, nítorí pé ó ń dín agbára kálsíọ̀mù kù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa sọ ọ́ sínú omi mímu, nítorí sódíọ̀mù inú rẹ̀.

Ipa omi onírin

Omi onírin lè mọ́ gaara nígbà tí a bá pọn ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, irin inú rẹ̀ yóò dípàrà, omi náà yóò sì pọ́n. Ó ń fi àbàwọ́n sára aṣọ, àwo àti ilé ìwẹ̀, ó ń mú tíì dúdú, ó sì lè ba àwọ̀ ògì àti fùfú jẹ́. Òdiwọ̀n irin nínú ìlànà Nàìjíríà jẹ́ mílígírámù 0.3 nínú lítà kan. Omi kíkan ní tirẹ̀ ń jẹ páìpù irin, ó sì lè kó irin àti òjé inú páìpù wọ omi.

Bí a ṣe lè dán an wò

Bu omi sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí i, kí o sì mì í. Bí ó bá hó dáadáa, omi náà rọ̀. Bí ó bá dà bí omi wàrà tí kò sì hó, ó le. Fún irin, bu omi sínú àwo funfun kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, irin wà nínú rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ iye wọn.

Àtúnṣe

Sísè ń mú apá kan líle omi kúrò, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Álọ́ọ̀mù ń mú ìdọ̀tí rọlẹ̀, kì í sọ omi líle di rírọ̀, ó sì tún ń mú omi kan sí i. Ní ti irin, a máa ń jẹ́ kí omi tú sínú táńkì láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, kí irin dípàrà, lẹ́yìn náà kí a sẹ́ ẹ gba inú yanrìn.

Líle omi àti ìmọ́tótó rẹ̀

Omi ẹ̀rọ ìlú London, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, le gan-an nítorí òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹfun a máa dì mọ́ kẹ́tùlù wọn, síbẹ̀ wọ́n ń mu omi náà láìséwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan sí líle omi nítorí ìlera. Ní ìdà kejì, omi kànga Oko Ọba lè rọ̀, kí ó mọ́ gaara, kí ọṣẹ sì hó nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí kòkòrò àrùn láti kòtò ìgbẹ́ tàbí gọ́tà wà nínú rẹ̀. Ilé ìpẹran ńlá ti Oko Ọba àti bí ilé ṣe sún mọ́ra fi kún ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kò gbọdọ̀ sí kòkòrò *E. coli* kankan nínú mílílítà 100 omi mímu. Bí a kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò omi kànga, kí a sè é títí yóò fi hó yaya kí a tó mu ún, bí ó ti wù kí ọṣẹ hó nínú rẹ̀ tó.